Àléébù Tí Ó Fara Pamọ́ Sínú Ọkọ̀ Tòkunbọ̀

Kò sí ìyálé ilé kan ní Ìlobùú tàbí ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun tí yóò ra iṣu lọ́jà láì kọ́kọ́ yí i wò síwá sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń kó owó èsúsú ọdún púpọ̀ lé oníṣòwò ọkọ̀ lọ́wọ́ nítorí pé ọ̀dà ọkọ̀ náà ń dán. Ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí fún ìlú méjèèjì, nítorí ojú ọ̀nà tí ó ti Òṣogbo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n wà, ọkọ̀ akérò sì ni oúnjẹ òòjọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé níbẹ̀. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dẹnu kọlẹ̀, gbèsè ni yóò kù nílẹ̀; bí ìjánu rẹ̀ bá já, ẹ̀mí àwọn èrò tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni yóò bá a lọ.

Ẹ̀ka ètò àyíká Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ ní 2020 pé ọkọ̀ àlòkù mílíọ̀nù 14 ni a kó ta sí òkèèrè láàárín 2015 sí 2018, Áfíríkà sì ni ó gba apá tí ó pọ̀ jù. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n òmíràn ti fara gbá nínú ìjàǹbá, omi sì ti bo òmíràn mọ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Amẹ́ríkà nígbà ìjì Katrina ní 2005 àti Harvey ní 2017.

Ọgbọ́n àwọn ẹlẹ́tàn kò mọ níwọ̀n. Wọn a rọ ọ́ìlì tí ó ki sínú ẹ́ńjìnnì kí ariwo àti èéfín rẹ̀ lè rọlẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Wọn a dá aago tí ń ka ìrìn ọkọ̀ padà sẹ́yìn. Wọn a ti tan ẹ́ńjìnnì kí oníbàárà tó dé, kí ó má baà mọ̀ pé ọkọ̀ náà kì í tètè ṣiṣẹ́ láàárọ̀.

Nítorí náà, ẹ ní kí ẹ bá ẹ́ńjìnnì ní tútù. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì: bí ohun funfun bí ògì bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó ṣeé ṣe kí omi ti wọ inú ọ́ìlì. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó dé òpin, kí ẹ wò bí ẹrẹ̀ bá wà lára rẹ̀. Ẹ fi àmì 17 tí ó wà lára ọkọ̀ wé ti inú ìwé rẹ̀. Ẹ wa ọkọ̀ náà gun òkè. Mẹkáníìkì tiyín ni kí ẹ mú lọ, kì í ṣe èyí tí oníṣòwò pè wá. A kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè.

Òfin pẹ̀lú kò dákẹ́. Òfin tí ń dáàbò bo oníbàárà, ti 2018, fún olúkúlùkù wa ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tí ó péye tí kò sì ní àléébù, àjọ FCCPC ni a sì ń fẹjọ́ sùn. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kò ṣeé rò láìsí ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ kí oníṣòwò kọ ohun tí ó sọ nípa ọkọ̀ náà sínú rìsíìtì, kí ó sì fọwọ́ sí i kí ẹ tó sanwó. Olóòótọ́ kò ní kọ̀. Ẹni tí ó bá kọ̀ ti fi àléébù ọkọ̀ rẹ̀ hàn yín.