Ká Ní Wọn Ò Yọ Amodu Ńkọ́?



Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń wo bọ́ọ̀lù, ì báà jẹ́ ní Osi, ì báà jẹ́ ní Iloffa, gbólóhùn kan wà tí ẹ máa gbọ́: "Ká ní kì í ṣe kóòṣì yìí ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún ni, à bá ti wín." Kò sẹ́ni tí kì í sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni jókòó wádìí bóyá òótọ́ ni. Iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe lónìí nìyẹn. A máa mú ọ̀rọ̀ Shaibu Amodu àti Super Eagles, a máa bi ara wa pé ká ní wọn ò yọ ọ́ ńkọ́, a ó sì fi ẹ̀rí wá ìdáhùn. Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan àwa tí a wà nílé-ìwé yìí, ẹ ó rí i ká tó parí.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí wáyé, ọ̀pọ̀ nínú wa ò tí ì dáyé, àwọn mìíràn sì ṣì wà lẹ́yìn ìyá wọn. Torí náà ẹ jẹ́ ká tò ó lẹ́sẹẹsẹ.

Ọmọ ìpínlẹ̀ Edo ni Amodu. Ní ọdún 2001, ó darí Nàìjíríà títí wọ́n fi gba tíkẹ́ẹ̀tì Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé tí wọ́n fẹ́ gbá ní Gúúsù Kòríà àti Japan ní 2002. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2002 kan náà, ó kó wọn lọ sí Ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní Mali, wọ́n sì ṣe ipò kẹta. Ipò kẹta ò tẹ́ àwọn aláṣẹ lọ́rùn. Wọ́n yọ Amodu àti igbákejì ẹ̀, Stephen Keshi, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún Adegboye Onigbinde, ọmọ Modákẹ́kẹ́, ẹni tó ti mú Nàìjíríà dé àṣekágbá Ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní 1984. Onigbinde tún ikọ̀ náà tò. Àwọn àgbà bíi Sunday Oliseh àti Finidi George ò sí nínú àwọn tó kó lọ. Argentina na wá ní 1-0, Sweden na wá ní 2-1, a sì ta ọ̀mì 0-0 pẹ̀lú England. Àmì kan ṣoṣo la mú bọ̀ wálé.

Ní 2008, wọ́n tún pe Amodu padà. Lọ́tẹ̀ yìí náà, ó mú wa dé Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé, èyí tí wọ́n gbá ní South Africa ní 2010. Ọ̀nà ọ̀hún ò rọrùn o. Títí di ọjọ́ tó kẹ́yìn, November 14, 2009, Tunisia ló wà lókè wa. A gbọ́dọ̀ na Kenya ní Nairobi, Tunisia ò sì gbọdọ̀ borí ní Mozambique. Obafemi Martins gbá méjì sáwọ̀n, Yakubu gbá ọ̀kan, a borí ní 3-2. Mozambique na Tunisia ní 1-0. Bá a ṣe yege nìyẹn. Ní January 2010, Amodu kó wọn lọ sí Ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní Angola. Ipò kẹta náà ni! Wọ́n tún yọ ọ́. Ẹni tí wọ́n gbà dípò ẹ̀ ni Lars Lagerbäck, ará Sweden. Ẹ̀rín wà níbẹ̀ ṣá, torí ọ̀gbẹ́ni yìí wà lára àwọn méjì tó darí Sweden lọ́jọ́ tí Sweden nà wá ní 2002.

Ní South Africa, Argentina na wá ní 1-0, Greece na wá ní 2-1, a sì ta ọ̀mì 2-2 pẹ̀lú Gúúsù Kòríà. Ẹ fi wé ti 2002: Argentina 1-0, ìkejì 2-1, ìkẹta ọ̀mì. Àmì kan ṣoṣo náà ni. Inú bí Ààrẹ Goodluck Jonathan débi tó fi kéde pé Super Eagles ò ní gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú orílẹ̀-èdè kankan fún ọdún méjì, kí FIFA tó halẹ̀, kí ìjọba sì tó yí i padà.

ÈWO LÓ WÀ LỌ́WỌ́ KÓÒṢÌ?

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Kó tó di pé a sọ pé Amodu ì bá ṣe é dáadáa ju Lagerbäck lọ, ẹ jẹ́ ká ya ohun tó wà lọ́wọ́ kóòṣì sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí kò sí lọ́wọ́ ẹ̀.

Àkọ́kọ́, John Obi Mikel fara pa, kò lè lọ. Kò sí kóòṣì tó lè wo orúnkún ẹni sàn. Amodu náà ì bá lọ láìsí Mikel.

Ìkejì, nínú eré wa pẹ̀lú Greece, Kalu Uche ti gbá ọ̀kan sáwọ̀n, àwa la wà níwájú. Ní ìṣẹ́jú 33, Sani Kaita na ẹsẹ̀ sí Torosidis níbi tí bọ́ọ̀lù ti jáde, réfirì fún un ní káàdì pupa. Greece dá a padà kí wọ́n tó lọ sinmi. Torosidis fúnra ẹ̀ ló sì wá gbá èkejì sáwọ̀n. Kóòṣì lè kìlọ̀ fún agbábọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n kò lè bá a di ẹsẹ̀ mú.

Ìkẹta, eré wa pẹ̀lú Gúúsù Kòríà. Ẹ gbọ́ ìṣirò yìí dáadáa. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Argentina na Greece ní 2-0. Tí Nàìjíríà bá borí Kòríà ní 3-2 péré, àmì mẹ́ta la máa ní, Kòríà máa ní mẹ́ta, Greece máa ní mẹ́ta, àwa la ó sì tẹ̀ lé Argentina lọ sí ìpele tó kàn. Góòlù kan ṣoṣo ló kù! Ní ìṣẹ́jú 66, bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ Yakubu níwájú ilé tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, ó gbá a sí ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó gba pẹnáritì wọlé, ó di 2-2, ibẹ̀ ló sì parí sí. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì kóòṣì lọ́jọ́ yẹn, bọ́ọ̀lù yẹn lè bọ́.

Kí ló wá wà lọ́wọ́ kóòṣì? Yíyan ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀ eré. Obafemi Martins tó gbá méjì sáwọ̀n ní Nairobi, ẹ̀yìn ìsinmi ló wọlé bá Kòríà gẹ́gẹ́ bí arọ́pò. Ó ṣeé ṣe kí Amodu, tó ti rí ohun tí Martins ṣe fún un, fi í sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èkejì ni pé kóòṣì tó ti pẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ mọ ẹni tí inú máa ń yára bí, ó mọ ẹni tí ojora máa ń mú, ó sì mọ ẹni tí a lè gbé bọ́ọ̀lù fún lọ́jọ́ ìṣòro. Lagerbäck gba iṣẹ́ ní òpin February, Argentina sì dúró dè é ní June 12. Kò tó oṣù mẹ́rin. Ibo ló ti fẹ́ mọ gbogbo ìyẹn?

Ṣùgbọ́n ká má ṣègbè o. Àwọn tó yọ Amodu ní ẹ̀rí tiwọn náà. Òótọ́ ni pé ẹnì kankan ò nà wá nínú ìpele àṣekágbá ìdíje láti yege, ṣùgbọ́n eré mẹ́ta nínú mẹ́fà ló jẹ́ ọ̀mì. Ní Angola, Egypt na wá ní 3-1, pẹnáritì la fi kọjá Zambia. Ẹni tó bá wo ìyẹn tó sì ní ẹ̀rù ń ba òun, kì í ṣe aláìmọ̀kan.

BÁ A ṢE LÈ DÁN ÀRÁMỌ̀ WÒ

A ò lè dá ọdún 2010 padà. Ohun tá a lè ṣe ni ká wá ibòmíràn tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀: ibi tí wọ́n ti yọ kóòṣì tó mú ikọ̀ yege, àti ibi tí wọ́n ti fi í sílẹ̀. Ẹ wo àmì tí wọ́n ní nínú eré mẹ́ta àkọ́kọ́ ní Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé:

Níbi tí wọ́n ti pààrọ̀ kóòṣì:
1998, Nàìjíríà: Philippe Troussier lọ, Bora Milutinović wọlé. Àmì 6.
2002, Nàìjíríà: Amodu lọ, Onigbinde wọlé. Àmì 1.
2006, Togo: Keshi lọ, Otto Pfister wọlé. Àmì 0.
2010, Nàìjíríà: Amodu lọ, Lagerbäck wọlé. Àmì 1.

Níbi tí wọ́n ti fi kóòṣì sílẹ̀:
1994, Nàìjíríà: Clemens Westerhof. Àmì 6.
2014, Nàìjíríà: Keshi. Àmì 4.
2018, Nàìjíríà: Gernot Rohr. Àmì 3.

Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀. Àwọn tó pààrọ̀ ní àmì 8 nínú eré 12. Àwọn tí kò pààrọ̀ ní àmì 13 nínú eré 9. Ó jọ pé ẹ̀rí gbè wá lẹ́sẹ̀, àbí? Ẹ rọra ná. Ikọ̀ méje péré ò tó láti fi búra. Ẹ sì tún wo 1998: wọ́n pààrọ̀ kóòṣì, a sì na Spain ní 3-2, a kọjá. Kí ló dé? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gba wúrà ní Atlanta ní 1996 ló wà níbẹ̀: Okocha, Kanu, Oliseh, Taribo West, Babayaro. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè gbé kóòṣì tuntun. Togo náà ní wàhálà mìíràn: ìjà owó wà láàárín àwọn agbábọ́ọ̀lù àti àwọn aláṣẹ wọn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kóòṣì nìkan. Rohr sì ni ẹ̀rí pé fífi kóòṣì sílẹ̀ nìkan ò tó, torí wọn ò yọ ọ́, síbẹ̀ a ò kọjá ìpele àkọ́kọ́.

Ọdún 1994 ni ẹ̀kọ́ tó súnmọ́ wa jù. Westerhof ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti 1989. Ọdún márùn-ún ló fi mọ àwọn ọmọ ẹ̀ kí Rashidi Yekini, ọmọ ìpínlẹ̀ Kwara wa, tó gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní ní Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé sáwọ̀n Bulgaria.

Lagerbäck tí à ń bú ńkọ́? Iceland gbà á ní 2011. Orílẹ̀-èdè tí èèyàn ibẹ̀ ò tó 400,000 ni. Ó gbìyànjú láti mú wọn dé Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé 2014, Croatia dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò lé e. Ní 2016, òun àti Heimir Hallgrímsson jọ darí wọn lọ sí ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n na England ní 2-1, wọ́n sì wà lára àwọn mẹ́jọ tó ṣẹ́ kù. Ọkùnrin tó ní àmì kan pẹ̀lú wa nìyẹn o! Ọgbọ́n orí ẹ̀ ò yí padà. Àkókò tí wọ́n fún un ló yàtọ̀.

ÌDÁHÙN WA

Ká ní wọn ò yọ Amodu ní 2010, a ò lè búra pé Nàìjíríà ì bá kọjá. Mikel ì bá ṣì fara pa, Yakubu ì bá ṣì lè tàsé. Ṣùgbọ́n góòlù kan ló yà wá kúrò lọ́nà, ẹni tó sì ti gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ fún ọdún méjì ní àǹfààní láti rí góòlù kan yẹn ju ẹni tí kò tíì lo oṣù mẹ́rin lọ. Àṣìṣe ibẹ̀ ò sí nínú pé wọ́n gba òyìnbó. Onigbinde kì í ṣe òyìnbó, ohun kan náà ló bá a. Àkókò tí wọ́n pààrọ̀ ni àṣìṣe. Ẹni tó kọ ebè, tó gbin iṣu, tó ro oko, tí a bá gbé oko gba ọwọ́ ẹ̀ nígbà tí iṣu kù díẹ̀ kó ta, ẹni tuntun ò ní mọ ibi tí ebè tó léwu wà.

Keshi tí wọ́n yọ pẹ̀lú Amodu ní 2002, tí Togo tún yọ ṣáájú 2006, nígbà tí wọ́n fún un láyè ní Nàìjíríà, ó gba Ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní 2013, ó sì mú wa kọjá ìpele àkọ́kọ́ ní 2014. Ní June 2016, ọjọ́ díẹ̀ ló wà láàárín ikú òun àti ti Amodu.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sílé. Tí ilé-ìwé èyíkéyìí lágbègbè wa bá pàdánù eré méjì, ariwo tó máa ń tẹ̀ lé e ni "Ẹ yọ tíṣà yẹn!" Kẹ́ ẹ tó pa irú ariwo bẹ́ẹ̀, ẹ bi ara yín ní ohun mẹ́ta. Ṣé ohun tó mú wa pàdánù wà lọ́wọ́ tíṣà, àbí gólì wa ló jẹ́ kí bọ́ọ̀lù bọ́? Ọ̀sẹ̀ mélòó ló kù kí ìdíje bẹ̀rẹ̀? Ẹni tuntun tí a fẹ́ gbà, ṣé ó mọ orúkọ àwọn ọmọ tó fẹ́ kó lọ? Tí ó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ fi tíṣà sílẹ̀. Tí ẹ bá ṣì fẹ́ yí i, ẹ dúró di ìgbà tí ìdíje bá parí, kí ẹni tuntun lè bẹ̀rẹ̀ ní sáà kìíní, kó sì ní odindi ọdún kan. Àwọn ọmọ SS3 ni ọ̀rọ̀ yìí dùn jù, torí wọn ò ní ìdíje mìíràn níwájú níbí mọ́.

Ẹni tí kò bá gbà pẹ̀lú wa, kó kọ èsì tiẹ̀ wá fún ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn. A máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ eléyìí. Àmọ́ kó mú ẹ̀rí dání o.