Ìjì Òjò: Bí Ó Ti Ń Pẹ́ Tó àti Bí Ó Ti Ń Rìn Jìnnà Tó

Nígbà òjò àkọ́rọ̀, ojú ọ̀run a máa ṣú dúdú ní ìhà ìlà oòrùn Ọ̀rányàn. Afẹ́fẹ́ a dákẹ́, ooru a mú. Lójijì ẹ̀fúùfù a dé pẹ̀lú eruku, a sì máa ṣí páànù lórí ilé. Kí ìdajì wákàtí tó pé, agbára rẹ̀ a ti rọ̀, òjò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ nìkan ni yóò kù. Àwọn ènìyàn a wí pé ìjì náà ti kú. Kò kú, ó ti gba ọ̀nà Abẹ́òkúta lọ.

Láti ìlà oòrùn ni irú ìjì yìí ti ń wá, nítorí pé ìhà ìwọ̀ oòrùn ni afẹ́fẹ́ òkè ń fẹ́ sí. Ó ń rin ìwọ̀n ibùsọ̀ 30 sí 40 ní wákàtí kan. Láti Ilé-Ifẹ̀ dé Ìbàdàn ní ọ̀nà tààrà jẹ́ nǹkan bí ibùsọ̀ 45. Nítorí náà ìjì tí ó jà ní Ifẹ̀ ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lè dé Ọ̀rányàn ní agogo márùn-ún ààbọ̀. Ẹni tí ó sá èlùbọ́ síta, tí ó sì ní ará ní Ifẹ̀ tí yóò tẹ̀ ẹ́ láago, ní àyè láti kó o wọlé.

Ìkùukùu àrá kan ṣoṣo kì í sábà pẹ́ ju wákàtí kan lọ. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tútù tí ó bá òjò sọ̀kalẹ̀ a máa tú jáde síwájú, a sì ti afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó rù omi láti òkun sókè. Ìkùukùu titun a yọ níwájú bí ti àtijọ́ ti ń tán lẹ́yìn. Bí agbo ilé ńlá ni ó rí: àgbà ń lọ, ọmọ ń bí sí i, orúkọ ilé kò sì parẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìjì kan ṣe lè wà fún wákàtí mẹ́wàá, kí ó sì rin ibùsọ̀ 300 tàbí jù bẹ́ẹ̀.

Ìjì ńlá orí òkun ju èyí lọ, nítorí omi gbígbóná ni oúnjẹ rẹ̀. Freddy, ní ọdún 2023, bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀bá Australia, ó dé Madagascar àti Mozambique. Ó gbé ọjọ́ 36, ó rìn ju ibùsọ̀ 7,000 lọ.

Síbẹ̀, kì í ṣe ìjì tí ń sáré ni ó ṣe Ìbàdàn ní ibi jùlọ, bí kò ṣe òjò tí kò tètè lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù August 1980, òjò rọ̀ fún nǹkan bí wákàtí mẹ́wàá. Odò Ògùnpa kún bo ilé, ènìyàn tí ó lé ní 200 sì kú. Ní ọjọ́ 26 oṣù August 2011, òjò mìíràn wó afárá púpọ̀. Lẹ́yìn tí ẹ̀fúùfù bá ti kọjá ní Ọ̀rányàn, àgbàrá láti òkè ṣì ń bọ̀ sínú odò Kúdẹtì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe là á kọjá títí omi yóò fi fà.