Láti Ọjà Aba dé Ilé Aṣòfin: Ìtàn Màmá Margaret Ekpo

  

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ìbò ni. Ẹ má tíì ṣí ìwé yìí sí ojú kejì o, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ìgbàkígbà tí ìdìbò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ni àwọn olóṣèlú kọ́kọ́ ń wá. Wọ́n á jó wọ àárín ìsọ̀, wọ́n á gbé ìrẹsì àti iyọ̀ wá, wọ́n á pín ańkárá tí àwòrán wọn wà lára rẹ̀, àwa náà á sì máa pàtẹ́wọ́. Tí wọ́n bá ti débi tí wọ́n ń lọ tán, ó di ọdún mẹ́rin kí a tó tún fojú kàn wọ́n.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n sọ ìtàn obìnrin kan fún yín. Obìnrin náà kó àwọn obìnrin ọjà jọ, ó sọ wọ́n di ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ di ìbò, ìbò sì gbé e wọ ilé aṣòfin. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Apá Calabar ni wọ́n bí i sí, ìlú Aba ló ti ṣiṣẹ́. Olóògbé Màmá Margaret Ekpo ni. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Calabar rí á mọ orúkọ yẹn, torí pé lọ́dún 2001 ni wọ́n fi orúkọ wọn sọ pápá ọkọ̀ òfuurufú ìlú náà.

IBI TÍ WỌ́N TI ṢẸ̀ WÁ

Ọjọ́ 27, oṣù keje, ọdún 1914 ni wọ́n bí Màmá Ekpo ní Creek Town, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Calabar. Ọmọ Ìgbò láti Aguluzigbo ni bàbá wọn, ìdílé ọba ní Creek Town ni ìyá wọn ti wá. Ọdún 1934 ni wọ́n ka ìwé mẹ́fà. Ọdún yẹn náà ni bàbá wọn kú, ni ìwé bá dúró síbẹ̀. Kí ni wọ́n lè ṣe? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé. Àwa tí ìwé wa ò ju ibẹ̀ yẹn lọ, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sọ́kàn.

Lọ́dún 1938 wọ́n fẹ́ Dókítà John Udo Ekpo, ọmọ Ibibio. Iṣẹ́ ìjọba tí ọkọ wọn ń ṣe ní ilé ìwòsàn ló gbé wọn dé Aba. Ẹ wò ó bí ó ti rí: bàbá Ìgbò, ìyá Calabar, ọkọ Ibibio. Ẹ̀yà mẹ́ta ló pàdé lára obìnrin kan, bẹ́ẹ̀ oríṣiríṣi ẹ̀yà ló wà nínú ọjà Aba.

IPÒ ỌKỌ NI WỌ́N FI BẸ̀RẸ̀

Lọ́dún 1945, inú ń bí ọkọ wọn sí bí àwọn òyìnbó amúnisìn ṣe ń fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn dókítà adúláwọ̀. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n, kò sì sí àyè fún òṣìṣẹ́ ìjọba láti lọ jókòó sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Ni ìyàwó bá gbapò ọkọ, ó ń lọ sí ìpàdé. Ó wá di ọjọ́ kan tí ìpàdé ńlá wáyé. Nnamdi Azikiwe sọ̀rọ̀ níbẹ̀, Mbonu Ojike sọ̀rọ̀, Herbert Macaulay tiwa láti Èkó náà sọ̀rọ̀. Nínú gbogbo èrò tó pé jọ síbẹ̀, Màmá Ekpo nìkan ni obìnrin.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bá mi rò ó wò. Ìlú tí obìnrin kún inú ọjà rẹ̀ bámúbámú, obìnrin kan ṣoṣo ló wà níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìlú.

Lọ́dún 1946 wọ́n bá ọkọ wọn tí ara rẹ̀ kò yá lọ sí Dublin, ní ilẹ̀ Ireland. Wọn ò fi àkókò ṣòfò níbẹ̀. Wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí lọ́dún 1948, wọ́n sì padà sí Aba láti dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, níbi tí àwọn ọmọbìnrin ti ń kọ́ aṣọ rírán àti ìtọ́jú ilé.

Ọ̀RỌ̀ IYỌ̀

Ẹ má rò pé ojo ni àwọn obìnrin agbègbè Aba. Lọ́dún 1929, nígbà tí wọ́n gbọ́ pé òyìnbó fẹ́ gba owó-orí lọ́wọ́ obìnrin, láti Oloko ni wọ́n ti dìde, ìjà náà sì tàn káàkiri. Òyìnbó yìnbọn, ó lé ní 50 obìnrin tó kú. Ìgboyà wà nígbà náà. Ohun tí kò sí ni ẹgbẹ́ tó dúró lẹ́yìn tí ìjà bá parí. Àwọn ọkọ pàápàá kì í fẹ́ kí ìyàwó wọn lọ sí ìpàdé. Wọ́n ní ìpàdé wo ni obìnrin ń ṣe?

Lẹ́yìn ogun Hitler, iyọ̀ wọ́n gógó. Màmá Ekpo lọ bá àwọn tó ń kó iyọ̀ wọ̀lú, wọ́n sanwó sílẹ̀ lórí gbogbo àpò iyọ̀ tó wà. Wọ́n wá pàṣẹ pé ẹni tí kò bá sí nínú Ẹgbẹ́ Obìnrin Ọjà Aba, kí ẹnikẹ́ni má ta iyọ̀ fún un. Háà! Ọkọ wo ló fẹ́ jẹ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀? Báyìí ni àwọn obìnrin ṣe ń wọ́ wá forúkọ sílẹ̀, ẹgbẹ́ sì di ẹgbẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa á ní ipá nìyẹn, pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi oúnjẹ di ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́. Òótọ́ wà níbẹ̀. Tí ẹnìkan bá dán irú rẹ̀ wò nínú ọjà wa lónìí, ìjà ló máa dá sílẹ̀. N ò ní kí á ti iyọ̀ mọ́lé o. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé màmá mọ ohun tí kò sí obìnrin tí kò ní rà, ibẹ̀ ni wọ́n sì dúró sí láti kó gbogbo wọn jọ. Ẹgbẹ́ tí kò bá ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ní àǹfààní kan pàtó, ariwo lásán ni.

NÍGBÀ TÍ ẸGBẸ́ DI ÌBÒ

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1949, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn fún àwọn awakùsà èédú ní Iva Valley ní Enugu, ènìyàn 21 ló kú. Màmá Ekpo àti Màmá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta jọ gbóhùn sókè lórí ọ̀rọ̀ náà. Inú ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC ni àwọn méjèèjì wà.

Lọ́dún 1954 Màmá Ekpo dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ gbogbo obìnrin ìlú Aba, kì í ṣe ti ọlọ́jà nìkan mọ́. Ọdún yẹn náà ni àwọn obìnrin Ìlà-Oòrùn gba ẹ̀tọ́ láti dìbò. Ẹ ò rí i pé ilé ti wà ní mímọ kí òjò tó dé! Nígbà tó fi máa di ọdún 1955, nínú ìdìbò ìlú Aba, obìnrin tó dìbò ju ọkùnrin lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìlà yẹn kà. Ìlú tí obìnrin kan ṣoṣo wà nínú ìpàdé rẹ̀ lọ́dún 1945 ni, kò ju ọdún mẹ́wàá lọ.

Lọ́dún 1961, wọ́n jáde fún ìdìbò sí Ilé Aṣòfin Ìlà-Oòrùn, wọ́n dupò ní àríwá ìlú Aba lábẹ́ àsíá NCNC. Wọ́n wọlé. Kì í ṣe àwọn nìkan o, Janet Mokelu àti Ekpo Young náà wọlé sí ilé yẹn. Obìnrin mẹ́ta láàárín agbo ọkùnrin, nígbà tí àwọn obìnrin Àríwá kò tíì láǹfààní láti dìbò rárá. Ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn náà kí àwọn yẹn tó ó dìbò.

Kí ni màmá ṣe nígbà tí wọ́n débẹ̀? Wọn ò gbàgbé ibi tí wọ́n ti wá. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìtẹ̀síwájú obìnrin nínú òwò àti òṣèlú. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọ̀nà tó lọ sí àwọn ọjà, àti ọkọ̀ tó ń gbé ènìyàn àti ẹrù láti abúlé. Ẹni tí kò bá na ọjà lè ní ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn. Àmọ́ ẹni tí tòmátì rẹ̀ ti jẹrà sínú ọkọ̀ tó rì sínú ẹrọ̀fọ̀, ẹni tó san owó ọkọ̀ tán tí kò rí èrè mú délé, ó mọ̀ pé ọ̀nà ni òwò. Ohun tó dára nínú kí ẹni tó mọ̀ wá wà nílé aṣòfin nìyẹn. A ò ní máa ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé ohun tó ń dùn wá fún un.

Inú ilé yẹn ni wọ́n wà títí àwọn sójà fi gbàjọba ní oṣù kìíní ọdún 1966. Ọjọ́ 21, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2006 ni wọ́n jáde láyé ní Calabar, lẹ́ni ọdún 92.

ÌDÍ TÍ TIWA KÒ FI RÍ BẸ́Ẹ̀

Ẹnìkan á ní, ṣebí àwọn ìyá wa nílẹ̀ Yorùbá náà jà? Wọ́n jà dáadáa. Màmá Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin ọjà Ẹ̀gbá gbógun ti owó-orí obìnrin títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè ní oṣù kìíní ọdún 1949. Ìjà wo ló tún ju ìyẹn lọ? Síbẹ̀, nígbà tí màmá dupò aṣòfin lọ́dún 1951, wọn ò wọlé. Ìdìbò ìgbà yẹn kì í ṣe ti gbogbo ìlú tààrà. Sísan owó-orí ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó lè dìbò, ìpele ìpele ni wọ́n sì ń yan ènìyàn, àwọn díẹ̀ ló ń dìbò ìkẹyìn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin tó tẹ̀lé màmá dé ààfin kò lè tẹ̀lé wọn débẹ̀.

Lọ́dún 1959 wọ́n tún gbìyànjú. NCNC kọ̀, wọn ò fà wọ́n kalẹ̀. Màmá dá dúró fúnra wọn. Ìbò NCNC pín sí méjì, ẹgbẹ́ òṣèlú kejì sì gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ ká gbé ìtàn méjèèjì sórí òṣùwọ̀n. Ìyá Ẹ̀gbá kò gọ̀, èèyàn wọn kò sì kéré. Ṣùgbọ́n ti Aba ní ohun méjì tí ti Ẹ̀gbá kò rí: ẹ̀tọ́ ìbò wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin rẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú sì fa màmá wọn kalẹ̀. Èrò nìkan kì í gbé ènìyàn wọlé ìbò.

Ọ̀RỌ̀ WÁ KÙ SỌ́WỌ́ WA

Lónìí, kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé owó-orí kí obìnrin tó dìbò. Káàdì nìkan ni. Àmọ́ ní ìpàdé wa kan, mo ní kí gbogbo ẹni tó ní káàdì ìdìbò nawọ́ sókè, ọwọ́ tó lọ sókè kò tó ìdajì. Àwa tí a bẹ́ ańkárá tán nìyẹn o!

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kò kan ọjà. Ìwé òfin ọdún 1999 fi ọjà àti gáréèjì sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ló sì ń ṣe òfin tí ìjọba ìbílẹ̀ ń tẹ̀lé. Owó ìsọ̀ tí à ń san fún káńsù, tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń já fún wa ní òwúrọ̀, ọ̀rọ̀ kí wọ́n wó ìsọ̀ tàbí kí wọ́n kọ́ ọ, gbogbo rẹ̀ ní okùn tó so mọ́ ilé yẹn.

Ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín pé kí a ṣe.

Ìkíní, kí ìjókòó kọ̀ọ̀kan, oníṣu, aláṣọ, elépo, alátà, kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ní káàdì sínú ìwé kan. Ká mọ iye wa. Ẹni tó mọ iye ara rẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n fi páálí iyọ̀ kan ra òun.

Ìkejì, ibi tí o ti forúkọ sílẹ̀ nìkan ni wàá ti lè dìbò, ọkọ̀ kì í sì í rìn lọ́jọ́ ìbò. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lẹ́bàá ọjà tó sì ń gbé lọ́nà jíjìn, káàdì rẹ̀ di páálí lásán lọ́jọ́ náà. Nígbà tí àjọ INEC bá ń forúkọ sílẹ̀, kí ó lọ ní kí wọ́n gbé orúkọ òun lọ sí tòsí ilé.

Ìkẹta, ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ òṣèlú ni kí a fojú sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yan ẹni tí wọ́n máa gbé wá bá wa. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti dí mọ́ Màmá Ransome-Kuti lọ́dún 1959. Ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú nìkan ló lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ yòówù tó bá wù yín, ẹ wọ̀ ọ́ kí ẹ sì gba káàdì rẹ̀.

Ní Èkó, oṣù kìíní ọdún 2025 ni obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́kọ́ di olórí ilé aṣòfin wọn, ìyẹn Ọnarébù Mojisola Meranda láti Apapa, tí ìbò ti gbé wọlé lọ́dún 2015, 2019 àti 2023. Ọjọ́ 49 ni wọ́n lò lórí àga náà. Ọ̀nà ṣì jìn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà.

Tí olóṣèlú bá tún gbé ìrẹsì wá, ẹ gbà á bó bá wù yín, oúnjẹ kì í ṣe ọ̀tá. Àmọ́ kí ẹ bi í léèrè: ọ̀nà ọjà wa ńkọ́? Obìnrin mélòó ni ẹgbẹ́ yín fà kalẹ̀? Kí ẹ sì jẹ́ kó rí ìwé tí orúkọ wa wà nínú rẹ̀.

Olúwa á jẹ́ kí ọmọ tiwa náà débẹ̀. 

Akọ̀wé Ẹgbẹ́