Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Nígbà Tí Kíláàsì Ọmọ Bá Wà Nínú Fóònù

Lọ́dún 2013, ìjọba Ọ̀ṣun gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama àgbà: ìwé, ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá, gbogbo rẹ̀ nínú tábúlẹ́ẹ̀tì kan. Lónìí, ìkànnì ẹ̀kọ́ Nigeria Learning Passport tí UNICEF àti ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ lọ́dún 2022 wà lọ́fẹ̀ẹ́, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé girama. Bí ẹ bá ti dáńlóòdù ẹ̀kọ́, ọmọ lè kà á láìsí dátà.

Ẹ̀yin òbí wa ní Ifẹ̀, kò dìgbà tí ẹ bá mọ ẹ̀kọ́ náà kí ẹ tó ran ọmọ lọ́wọ́. Ẹ ní kó ṣàlàyé ohun tó kọ́ fún yín ní Yorùbá. Ibi tí àlàyé bá ti dàrú, ibẹ̀ ni kó padà lọ kà. Lójú tèmi, èyí ju owó dátà lọ, ìyá tó ń tajà ní Lágere sì lè ṣe é bó ṣe ń palẹ̀ ọjà mọ́ lálẹ́.

Ẹ tètè ṣáàjì fóònù kí wọ́n tó mú iná. Ẹ yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọmọ lákòókò kan náà lójoojúmọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, bó bá ní òun ò mọ̀ ọ́n, ẹ má nà án. Ẹ pe tíṣà rẹ̀.