Oòfà tí a fi Mólékù Ṣe: Àbùdá àti Ìwúlò Rẹ̀

Orúkọ tí Yorùbá fún oòfà kò mẹ́nu ba irin rárá. Ọ̀rọ̀-ìṣe 'fà' ni ó wà nínú rẹ̀: iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe ni orúkọ náà sọ, kì í ṣe ohun tí a fi ṣe é. Síbẹ̀, irin àti àwọn ẹbí rẹ̀ ni ó máa ń sọ sí ènìyàn lọ́kàn bí a bá ti dárúkọ oòfà. Láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ti ń fi hàn pé a lè fi mólékù kọ́ oòfà. Bí èyí ṣe ṣeé ṣe, àti ìdí tí ooru fi jẹ́ ìṣòro rẹ̀ tí ó le jù, ni kókó àpilẹ̀kọ yìí.

Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan dà bí oòfà kékeré. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ mólékù, méjì méjì ni wọ́n ń wà. Ọ̀kan kọjú sókè, èkejì kọjú sísàlẹ̀, wọ́n a sì pa agbára ara wọn rẹ́. Ìdí nìyí tí ṣúgà tàbí epo pupa kì í fi fa irin. Mólékù tí yóò di oòfà gbọ́dọ̀ ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí kò ní èkejì. Kò sì tán síbẹ̀: ti mólékù kan gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan pẹ̀lú ti èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ dojú kọ ara wọn, tí agbára apá kan ju ti apá kejì lọ, èyí tí ó ṣẹ́kù yóò ṣe iṣẹ́ oòfà. Ooru ni ọ̀tá ìṣọ̀kan yìí, nítorí bí nǹkan bá ti ń gbóná sí i ni ìtò wọn ń dàrú.

Ìwọ̀n kelvin, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí òtútù parí sí, ìyẹn dígírì 273 ní ìsàlẹ̀ òdo Celsius, ni wọ́n fi ń wọn ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ ni èyí tí Joel Miller àti Arthur Epstein ṣe ní Amẹ́ríkà: átọ́ọ̀mù irin kan tí ó wà láàárín òrùka kábọ́ọ̀nù méjì, pẹ̀lú mólékù tí ń jẹ́ tetracyanoethylene. Kì í di oòfà àfi bí ó bá tutù ju kelvin 4.8 lọ. Ní 1991 wọ́n fi vanadium rọ́pò irin náà àti àwọn òrùka rẹ̀, oòfà tí ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá lásán sì jáde. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń bà á jẹ́ kíákíá. Ọ̀nà mìíràn ni Michel Verdaguer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà ní Faransé. Prussian blue, ọ̀dà aláwọ̀ búlúù tí àwọn ayàwòrán Yúróòpù ti ń lò láti ọ̀rúndún kejìdínlógún, jẹ́ oòfà ní ìsàlẹ̀ kelvin 5.6 péré. Nígbà tí wọ́n fi vanadium àti chromium rọ́pò irin inú rẹ̀ ní 1995, ó dé 315, èyí tí í ṣe dígírì 42 ní ìwọ̀n Celsius. Ìyẹn fi dígírì 5 ju ìgbóná ara ènìyàn lọ.

Irú oòfà báyìí kò nílò iná àti ewìrì. Inú omi tàbí èròjà olómi mìíràn ni wọ́n ti ń pò ó. Ìmọ́lẹ̀ pàápàá lè darí àwọn kan: ní 1996 Osamu Sato àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan fi ìmọ́lẹ̀ pupa mú kí agbára oòfà ọ̀kan nínú ẹbí Prussian blue pọ̀ sí i, wọ́n sì fi ti búlúù dín in kù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú òtútù líle ni.

Èyí tí ó jọni lójú jù ni ti ìpamọ́ ìròyìn. Ní 1993 Roberta Sessoli, Dante Gatteschi àti àwọn ẹgbẹ́ wọn fi hàn pé mólékù kan ṣoṣo, tí ó ní átọ́ọ̀mù manganese 12, lè di ìhà tí a kọjú rẹ̀ sí mú fún ìgbà pípẹ́ bí ó bá tutù tó. Ìhà kan lè dúró fún 'bẹ́ẹ̀ ni', èkejì fún 'bẹ́ẹ̀ kọ́'. Helium olómi, tí ó wọ́n gógó, ni ó lè pèsè irú òtútù bẹ́ẹ̀. Ní 2018 Richard Layfield àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ mú mólékù oní-dysprosium kan dé kelvin 80. Nítorí pé 77 ni nitrogen ti ń hó, nitrogen olómi, tí a ń rí láti inú afẹ́fẹ́ lásán, ti tó láti mú un tutù.

Àwọn tí ń retí pé irú oòfà yìí yóò gba iṣẹ́ irin nínú ẹ́ńjìnnì amúnáwá ń bi í ní ìbéèrè tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn átọ́ọ̀mù tí ń fà jìnnà síra nínú rẹ̀, agbára rẹ̀ kò sì lè tó ti irin tí wọ́n jọ tóbi bákan náà.