Àṣẹ Tó Ń Bá Kóòdù Rìnrìn Àjò

Lórí kọ̀ǹpútà Linux, fáìlì kọ̀ọ̀kan ló ní àṣẹ tirẹ̀: ta ló lè kà á, ta ló lè yí i padà, ta ló lè mú un ṣiṣẹ́. Kíkà jẹ́ 4, kíkọ jẹ́ 2, mímú ṣiṣẹ́ jẹ́ 1. Àròpọ̀ wọn fún ẹni tó ni fáìlì, fún ẹgbẹ́ rẹ̀ àti fún gbogbo ará yòókù ló ń di 755 tàbí 777. Fódà tó bá jẹ́ 777, ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀rọ náà lè kó nǹkan sí i, ó sì lè yọ nǹkan kúrò níbẹ̀.

Bí wọ́n bá fi tar, irinṣẹ́ tó ń di fáìlì pọ̀, di kóòdù láti pín in káàkiri, àwọn àṣẹ yìí ń bá a lọ. Bí ẹni lásán bá tú u, umask rẹ̀, ìyẹn ètò tó ń dín àṣẹ kù, yóò gé èyí tó bá pọ̀jù. Ṣùgbọ́n bí root, ọ̀gá pátápátá, bá tú u, GNU tar yóò dá gbogbo àṣẹ náà padà bó ṣe wà.

Ní 2009, àṣírí tú pé Automake, irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ètò GNU ń lò, ń fún fódà ní 777 nígbà tó bá ń di ẹrù. Ẹlòmíràn tó wà lórí ẹ̀rọ kan náà lè ti kóòdù burúkú bọ̀ ọ́ kí wọ́n tó dì í tán, àwọn tó gbà á kò sì ní fura. Èyí burú gan-an! Ẹ̀dà 1.11.1 tún un ṣe, síbẹ̀ irú rẹ̀ tún yọjú ní 2012 nínú distcheck, apá Automake tó ń yẹ ẹrù wò.

Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú kóòdù, ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ: git archive máa ń yọ àṣẹ kíkọ ti gbogbo ayé kúrò fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá gba àpamọ́ láti ibòmíràn lè kọ́kọ́ fi tar -tvf wò ó. Àmì drwxrwxrwx, ìyẹn fódà tó jẹ́ 777, ni kó máa wá.