Ohun Ìyanu Orí Wúrà

Ẹ súnmọ́ iná, ẹ̀yin ọmọ mi. Èyí kì í ṣe àlọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni.

Ẹ mọ̀ pé wúrà kì í dípẹtà. Òjò pa á tì, afẹ́fẹ́ pa á tì. Àmọ́ ẹnì kan wà tí wúrà kì í lè kọ̀: imí-ọjọ́. Bí wọ́n bá ti pàdé, wọ́n á di ara wọn mú pinpin.

Lọ́dún 1983, ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, Ralph Nuzzo àti David Allara ri wúrà bọ inú omi tí wọ́n po èròjà tó ní imí-ọjọ́ mọ́. Èròjà kọ̀ọ̀kan rí bíi koríko tẹ́ẹ́rẹ́, imí-ọjọ́ sì ni gbòǹgbò rẹ̀. Gbòǹgbò wọ̀nyí wá wúrà lọ, wọ́n sì fìdí múlẹ̀. Àwọn tó tún ọ̀rọ̀ náà wádìí lẹ́yìn wọn rí i pé irú koríko bẹ́ẹ̀ máa ń tẹ̀ síhà kan náà, bí oko tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sápá kan. Kò sẹ́ni tó tò wọ́n! Ìpele kan ṣoṣo ni, ó fẹ́lẹ́ débi pé bíi 40,000 rẹ̀ la máa tò léra kó tó nípọn tó irun orí kan.

Ó kù o. Lọ́dún 2003, ní Santa Barbara ní California, Chunhai Fan, Kevin Plaxco àti Alan Heeger gbin okùn DNA sórí wúrà. Imí-ọjọ́ wà lẹ́sẹ̀ okùn náà, èròjà onírin wà lórí rẹ̀. Wọ́n fi koríko kúkúrú dí àárín wọn, kí ìdọ̀tí má baà rí wúrà lẹ̀ mọ́. Okùn yìí ká jọ bí ẹni tó forí lé eékún, irin orí rẹ̀ súnmọ́ wúrà, iná mànàmáná sì ń gbà á kọjá. Bí DNA tó jẹ́ ìkejì rẹ̀ bá dé, bóyá ti kòkòrò àrùn kan, àwọn méjèèjì á dì mọ́ra, okùn á nà gbọnrangandan, irin á jìnnà sí wúrà. Lójú ẹsẹ̀, iná náà á lọ sílẹ̀. Bí ẹ̀rọ ṣe ń mọ̀ nìyẹn pé àlejò ti wọlé.

Iná ààrò wa ti ń kú lọ. Ẹ lọ sùn. Ẹni tó ń gbin irú koríko yẹn á fọ wúrà rẹ̀ mọ́ tónítóní, á rì í bọ omi lálẹ́, á sì lọ sùn bíi tiyín. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, kálukú wọn á ti wà láyè rẹ̀.